Ìṣó Mẹ́rin Lábẹ́ Ọkọ̀ Onígi

Ọkọ̀ náà kò ní ẹ́ńjìnnì, kò lo bátìrì, kò sì sí ẹni tó ń tì í. Igi páìnì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 7 ni, tí wọ́n gbẹ́ bó ṣe wù wọ́n, tí wọ́n wá fi ìṣó mẹ́rin kan táyà ike mẹ́rin mọ́. Wọ́n á tò ó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sórí ọ̀nà eré tó ga lápá kan tó sì tẹ́ lápá kejì, wọ́n á yọ èèkàn tó dá wọn dúró, kí ẹ sì tó mí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti gúnlẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3 ni gbogbo rẹ̀. Eré yìí ni wọ́n ń pè ní Pinewood Derby ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọdé inú ẹgbẹ́ Cub Scouts ló sì ni ín. Ṣùgbọ́n ẹ ya ilé wọn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje, ẹ óò bá bàbá àtọmọ nídìí iṣẹ́, tí wọ́n ń fi sáńpépà ha ìṣó tí kò gùn tó ìka ọwọ́ àgbà. Ìṣó yẹn ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nínú orí yìí, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún wádìí nípa bí nǹkan ṣe ń fara kín ara ló kóra jọ síbẹ̀.

Don Murphy ló dá eré náà sílẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú, North American Aviation, ló ti ń ṣiṣẹ́, òun náà sì ni olórí ẹgbẹ́ Cub Scouts kan ní Manhattan Beach, ní California. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 10, fẹ́ bá wọn kópa nínú Soap Box Derby, níbi tí ọmọ ti ń jókòó sínú ọkọ̀ onígi fúnra rẹ̀ tí yóò sì wà á sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó. Bàbá wá ronú ọkọ̀ kékeré tí ọmọ lè gbẹ́ nílé, tí òbí àti ọmọ yóò jọ fi ọwọ́ sí. Wọ́n sá eré àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 1953. Nígbà tó fi di ọdún 1954, ìwé ìròyìn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, Boys' Life, ti gbé e síta fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ó sì tàn kálẹ̀. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti ń gba àwọn ọmọbìnrin náà sínú Cub Scouts, ẹgbẹ́ tó bí i kò sì jẹ́ Boy Scouts of America mọ́ láti ọdún 2025, Scouting America ló ń jẹ́.

Òfin eré náà kò pọ̀. Ìwúwo ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju áúńsì 5 lọ, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 142. Inú páálí kan náà ni gbogbo ọmọ ti ń yọ igi, táyà àti ìṣó tiwọn. Orí òkè kan náà ni wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ó wá kù sí ibi tí ọmọ gbé ìwúwo sí (ẹ̀yìn ló dára jù, nítorí ẹ̀yìn ló ga jù lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ibẹ̀ ló sì ti ń já bọ̀ jìnnà jù), ó kù sí bí táyà ṣe tọ́ sí, ó sì kù sí ìṣó. Kíkùn ọkọ̀ ní ọ̀dà pupa àti yíya iná sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń múnú ọmọ dùn, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà kò sáré rí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Bí orí òkè náà bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4, ohun tó bá já láti ibẹ̀ láìsí ìdènà yóò máa sáré mítà 4.9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tó bá dé ìsàlẹ̀. Bí ọ̀nà eré bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 42, táyà tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mìlímítà 30 yóò yí bí ìgbà 135 kó tó gúnlẹ̀, nígbà tí eré bá sì dé góńgó, yóò máa yí bí ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ní gbogbo ìyípo wọ̀nyẹn, ìṣó kì í yí rárá. Inú igi ló há sí. Ihò táyà ló ń yí mọ́ ọn lára, ike ń fara kín irin, ìwúwo ọkọ̀ sì ń tẹ ìṣó mọ́ ìsàlẹ̀ ihò náà. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ìsàlẹ̀ ìṣó nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Apá òkè rẹ̀ lè rí wúruwùru bó ṣe wù ú, kò ní í fọwọ́ kan ike láéláé bí ọkọ̀ kò bá fò sókè. Àwọn tó mọ iṣẹ́ a máa fi díńgí tó ń sọ nǹkan di ńlá yẹ ìṣó wò yípo, wọ́n á sàmì sí ẹ̀gbẹ́ tó mọ́ jù, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni wọ́n á sì dojú rẹ̀ kọlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kàn án.

Ohun kan wà tó ń gba ọkọ̀ náà sílẹ̀. Ìṣó fẹ̀ tó mìlímítà 2.2, táyà sì fẹ̀ tó 30. Ibi tí wọ́n ti ń fara kín ara sún mọ́ àárín gbùngbùn, etí táyà tó ń tẹ ilẹ̀ sì jìnnà sí i, nítorí náà ìdènà tó wà lára ìṣó kì í dé ilẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́tàlá rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi dá kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ dípò kó máa wọ́ ẹrù nílẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wò ó: bí ìdènà lára ìṣó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo ọkọ̀, yóò jẹ nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ọkọ̀ ní kó tó gúnlẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ìlọ́po méjì ìyẹn, bíi mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lọ. Ẹ̀rọ tó ń ka àkókò ní òpin ọ̀nà a máa ka ìṣẹ́jú àáyá dé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, láàárín ìdá kan yẹn sì rèé, ọkọ̀ ti rin mìlímítà 5. Ọmọ tó bá fi ìṣó sílẹ̀ bó ṣe bá a nínú páálí ti fi àyè gbígbòòrò sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Kí ló ṣe ìṣó inú páálí? Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni. Wáyà irin ni wọ́n ń gé. Wọ́n á fi ẹnu ẹ̀rọ méjì gbá a mú ṣinṣin lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á wá fi agbára gbá orí rẹ̀ kó lè tẹ́. Níbi tí ẹnu méjèèjì ti pàdé, irin díẹ̀ a máa sá jáde. Bí ẹ bá gbé ìṣó náà síwájú iná, ẹ óò rí etí irin méjì tó yọ lábẹ́ orí rẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ìkejì ní òdì-kejì, tín-ín-rín, wọ́n mú. Lára rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ orí díẹ̀, àpá ibi tí ẹ̀rọ ti dì í mú wà níbẹ̀, ó ga ju ojú irin yòókù lọ. Ẹ fi èékánná wọ́ ọ láti orí sí ìdí, yóò kọ́ yín lọ́wọ́. Etí irin wọ̀nyẹn ló burú jù, nítorí táyà kì í dúró lójú kan. Ó ń rìn lọ síta díẹ̀, ó ń padà wọlé díẹ̀, nígbàkígbà tó bá sì lọ síta, ike àárín rẹ̀ á fara gbo abẹ́ orí ìṣó. Irin tó mú á wá máa fá ike.

Èrò mi nípa iṣẹ́ yìí ni pé ìdajì èrè rẹ̀ ni ẹ ti rí gbà nígbà tí etí irin méjì yẹn bá kúrò. Gbogbo dídán tó kù, ìdajì kejì ló ń wá. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn kan a máa sáré ra oríṣiríṣi sáńpépà olówó gọbọi, wọ́n á sì fo fáìlì kékeré tí wọ́n fi ń ha irin dá, èyí tí kò wọ́n.

Wọ́n á fi ìdí ìṣó, ìyẹn ṣóńṣó rẹ̀, há ẹnu dírììlì, orí rẹ̀ á sì yọ síta. Kí dírììlì má sáré jù. Bó bá ti ń yí, wọ́n á rọra gbé fáìlì kan abẹ́ orí rẹ̀ kó dagun díẹ̀, títí etí irin náà yóò fi tán tí abẹ́ orí yóò sì rọ̀ wá síwájú bí a bá wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Dídagun yẹn ní ìdí: bí táyà bá wá kan orí ìṣó, ibi tó sún mọ́ àárín ni yóò kàn, ìdènà yóò sì dín kù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi fáìlì kan náà pa àpá ara rẹ̀ rẹ́. Kí wọ́n má ṣe tẹ̀ ẹ́ jù, nítorí ìṣó tó bá tín-ín-rín jù yóò gba táyà láyè láti máa mì lójú ọ̀nà, àtúnṣe yóò wá di ìbàjẹ́.

Ẹ̀yìn fáìlì ni sáńpépà. Nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń sọ bí iyanrìn rẹ̀ ṣe tóbi tó: lórí èyí tí wọ́n kọ P400 sí, ẹyọ iyanrìn kan fẹ̀ tó ìdá 35 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan, lórí P1000, ó jẹ́ 18, lórí P2000, ó jẹ́ 10. Wọ́n á gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi omi rin ín, wọ́n á fà á mọ́ ìṣó tó ń yí, wọn kò sì ní wé e mọ́ ìka, kí dírììlì má bàa fa ìka lọ. Láti 400 bọ́ sí 600, sí 1000, sí 1500, sí 2000. Iṣẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ni láti pa ilà tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ fà rẹ́, kó sì fi ilà tirẹ̀ tó tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá fo 600 àti 1000 dá, tó wá fi 2000 ṣe gbogbo rẹ̀, yóò rí ìṣó tó ń dán lókè, tí ilà jínjìn 400 sì wà lábẹ́ dídán náà. Díńgí ni yóò tú u fó.

Bàbá ló yẹ kó di dírììlì mú, ọmọ ọdún 7 kò yẹ kó máa fi ìka sún mọ́ irin tó ń yí. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ bàbá tó ṣe gbogbo iṣẹ́ tán tó wá gbé ọkọ̀ lé ọmọ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje. Sáńpépà kò le jù fún ọmọdé. Kí bàbá di dírììlì mú dúró, kí ọmọ di etí sáńpépà tó jìnnà sí irin mú, kó fà á, kí wọ́n sì jọ fi díńgí wò ó. Ohun tí Murphy tìtorí rẹ̀ dá eré náà sílẹ̀ nìyẹn.

Kí nìdí tí dídán fi ń mú nǹkan yá? Ìdáhùn náà kì í ṣe èyí tó kọ́kọ́ ń wá sí ènìyàn lọ́kàn. Leonardo da Vinci ti rí i ní òpin ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún pé fífẹ̀ ibi tí nǹkan méjì ti kan ara kò yí ìdènà padà, ìwúwo ló ń pinnu rẹ̀. Inú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ló fi ìmọ̀ náà sí, kò sẹ́ni tó gbọ́, títí Guillaume Amontons, ará Faransé, fi tún un rí ní 1699. Ó yani lẹ́nu, àbí? Ta ni kò ní rò pé bí ojú bá fẹ̀, ìdènà á pọ̀? Frank Bowden àti David Tabor ní Cambridge ló wá ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1950. Kò sí ojú tó tẹ́jú ní tòótọ́. Bó ti wù kí irin dán tó, òkè àti àfonífojì ló kún ara rẹ̀, orí òkè wọ̀nyẹn nìkan ló sì ń kan ara. Bí a bá gbé ìwúwo lé e, orí òkè á tẹ̀, òmíràn á sì kún un, nítorí náà ìwúwo ló ń sọ iye ibi tó kan ara gan-an, kì í ṣe fífẹ̀ tí a fojú rí.

Lára ìṣó àti táyà, irin ló le, ike ló rọ̀. Orí òkè irin ló ń wọ ara ike, ó ń ro ó, ó ń fa poro sí i lára. Sáńpépà kàn ń gé orí òkè wọ̀nyẹn kúrú ni, kí ríro má ṣe ṣẹlẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ti kúrú tán, kò sí ohun púpọ̀ tí dídán tó kù lè ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti ń yapa sí àwọn tó ń bá a lọ dé orí lẹ́búlẹ́bú táwọn alágbẹ̀dẹ wúrà fi ń dán wúrà, tí ìṣó fi di díńgí. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n irin tó dán kọjá ààlà lè bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀. Carl Edvard Johansson, ará Sweden, ṣe àwọn irin ìwọ̀n kan ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tó tẹ́jú tó sì dán débi pé bí ènìyàn bá mú ọ̀kan yọ̀ lórí èkejì, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, ó sì di kí a fi agbára yọ wọ́n. Ìṣó wa kò lè dán dé bẹ́ẹ̀, ike sì kọ́ ni irin, síbẹ̀ ilà tín-ín-rín tí 2000 fi sílẹ̀ ní ìwúlò: ibẹ̀ ni lẹ́búlẹ́bú dúdú tó kàn yóò sá pamọ́ sí.

Gíráfáìtì ni wọ́n ń pe lẹ́búlẹ́bú náà. Kábọ́ọ̀nù ni, ohun kan náà tó wà nínú èédú. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni bó ṣe to ara rẹ̀. Átọ̀mù rẹ̀ to ara wọn ní igun mẹ́fà mẹ́fà, bí afárá oyin, wọ́n sì di ìpele pẹlẹbẹ tó lágbára púpọ̀ nínú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpele kan kò di èkejì mú dáadáa. Àlàfo tó wà láàárín wọn ju ìlọ́po méjì àlàfo tó wà láàárín átọ̀mù méjì nínú ìpele kan lọ, nítorí náà ìpele òkè a máa yọ̀ lórí tìsàlẹ̀. Bí lẹ́búlẹ́bú náà bá lẹ̀ mọ́ irin, tó sì lẹ̀ mọ́ ike, kì í tún ṣe irin àti ike ló ń fara kín ara mọ́, gíráfáìtì ló ń yọ̀ lórí gíráfáìtì.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ, nítorí àlàyé yìí nìkan kò tó. Ní àsìkò Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ òfuurufú bẹ̀rẹ̀ sí í fò ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, jẹnẹrétọ̀ inú wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lójijì. Ohun tó ń jẹ nínú rẹ̀ ni ẹyọ kábọ́ọ̀nù tó ń fara kan ibi tó ń yí, èyí tí àwọn rewáyà wa ń pè ní kábọ̀n. Ohun tó yẹ kó pẹ́ gan-an ń lọ̀ kúnná láàárín wákàtí díẹ̀. Nílẹ̀, kò sí ohun tó ń ṣe é. Ìgbà tí wọ́n wádìí rẹ̀ ni wọ́n rí i pé afẹ́fẹ́ òkè ló gbẹ jù. Gíráfáìtì kì í dá yọ̀. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló máa ń lẹ̀ mọ́ etí àwọn ìpele rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí wọ́n gbá ara wọn mú. Bí ọ̀rinrin bá tán, ìpele á há mọ́ ìpele, lẹ́búlẹ́bú tó yẹ kó máa yọ̀ á di ohun tó ń fá nǹkan. Nínú òfuurufú tó jìnnà, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́ rárá, wọn kì í lo gíráfáìtì, molybdenum disulfide ni wọ́n ń fi sí i, èyí tí ọ̀rinrin kò wúlò fún. Àwọn kan tó ń ta lẹ́búlẹ́bú fún ọkọ̀ onígi náà a máa pò ó mọ́ gíráfáìtì. Nínú gbọ̀ngàn tí ènìyàn kún, tí gbogbo wọn ń mí, tí wọ́n ń pariwo, ọ̀rinrin kì í wọ́n gíráfáìtì.

Ẹnìkan lè sọ pé, ṣebí gíráfáìtì ló wà nínú pẹ́ńsù, kí n lọ̀ ọ́. Kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 1795 tí Nicolas-Jacques Conté ti rí ọgbọ́n rẹ̀ dá ní Faransé ni wọ́n ti ń po amọ̀ mọ́ gíráfáìtì kí pẹ́ńsù lè le, wọ́n sì ń sun ún nínú iná. Amọ̀ sísun ni yóò wọ ihò táyà, yóò sì máa ṣe iṣẹ́ sáńpépà níbẹ̀.

Ọ́ìlì ń kọ́? Ọ̀pọ̀ ìdíje ni kò gbà á. Ó ń kán sójú ọ̀nà, ó ń gbá eruku mọ́ra, òmíràn sì ń jẹ ike. Àwọn àgbà tó ń sá ìdíje tiwọn lọ́tọ̀, níbi tí òfin ti gba ọ́ìlì, a máa fi ẹ̀kán kan tó kéré gan-an sí i, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ti ọmọdé.

Bí wọ́n ṣe ń fi gíráfáìtì sí i rọrùn, ó kàn ń fẹ́ sùúrù ni. Wọ́n á kọ́kọ́ fọ ìṣó kí ohun tí sáńpépà fi sílẹ̀ lè kúrò, wọ́n á nù ún gbẹ, wọn kò sì ní fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́, nítorí òógùn àti ọ̀rá ara ènìyàn ń lẹ̀ mọ́ irin. Wọ́n á fi òwú orí igi fọ ihò táyà bákan náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á da lẹ́búlẹ́bú díẹ̀ sínú ihò, wọ́n á ki ìṣó bọ̀ ọ́, wọ́n á fi ìka yí táyà, á yí títí yóò fi dúró. Wọ́n á tún da díẹ̀ sí i, wọ́n á tún yí i. Ìgbà àkọ́kọ́, a ó máa gbọ́ ohùn gbígbẹ. Bó bá yá, ohùn náà á lọ sílẹ̀, táyà á sì máa pẹ́ sí i kó tó dúró, nítorí yíyí yẹn ló ń tẹ gíráfáìtì mọ́ ojú irin àti ike. Lẹ́búlẹ́bú tó kàn wà nílẹ̀ nínú ihò kò ṣe nǹkan kan. Abẹ́ orí ìṣó ń fẹ́ tirẹ̀, igi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níbi tí táyà ti lè wá kàn án náà ń fẹ́ tirẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń gbàgbé èyí. Bí wọ́n bá ń kan ìṣó mọ́ igi, wọ́n á ki káàdì ATM sáàárín táyà àti igi. Káàdì náà nípọn tó bíi mìlímítà 0.76, àlàfo tó yẹ nìyẹn: kò há, kò sì ṣí sílẹ̀ jù.

Ẹ ṣe gbogbo èyí kí ẹ tó dé gbọ̀ngàn. Bí wọ́n bá ti gbé ọkọ̀ sórí ìwọ̀n tí ó sì yege, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ a máa gbà á lọ́wọ́ ọmọ kó tó sáré, kò sì ní padà sí i lọ́wọ́ títí ìdíje yóò fi parí. Ẹni tó bá rántí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kó mú un lọ sílé fún ọdún tó ń bọ̀.